Kòtò Ẹ̀gbin Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ọkọ Mi

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ọlá, tó gba ọ̀nà amọ̀ pupa tó wọ àárín oko kaṣú lọ, yóò kan abúlé wa kó tó rò pé òun ti dé ibì kankan. Ọ̀nà yẹn gba àárín ilé kọjá, ó sì pín abúlé sí méjì bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ la iṣu. Òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Lójú tiwa, abúlé kan ṣoṣo ni. Baálẹ̀ kan la ní, itẹ́ òkú kan náà là ń sin òkú wa sí, bí ilé kan bá sì dáná ọbẹ̀, ilé kejì á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba, ọ̀nà yẹn ni ààlà. Ti Ẹ̀jìgbò ni àwọn ará òkè, ti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lódìkejì sì ni àwọn ará ìsàlẹ̀. Bí ọjọ́ ìdìbò bá pé, èmi àti ẹni tí a jọ jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ á pínyà lójú ọ̀nà, oníkálukú á lọ síbi tirẹ̀, a ó sì tún pàdé lọ́sàn-án láti fi àwọn olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín la fi ń rín ọ̀rọ̀ ààlà nígbà yẹn.

Òkè ni wọ́n bí mi sí, ìsàlẹ̀ ni mo lọ́kọ sí. Àwọn tó ru ẹrù ìyàwó mi kò tíì làágùn tí wọ́n fi dé ilé ọkọ. Ọkọ mi lọ sí Àbíjàn bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Ẹ̀jìgbò ṣe ń lọ, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ó wá ku èmi àti ìyá rẹ̀ nínú ilé. Àwọn ènìyàn rò pé màá kó ẹrù mi padà sókè. Mi ò lọ. Ìyá ọkọ mi kì í ṣe aláriwo. Mùsùlùmí ni, onígbàgbọ́ ni mí, síbẹ̀ òun ló máa ń jí mi bí mo bá fẹ́ sùn gbàgbé ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Irú ló ń ṣe tà. Àwọn igi irúgbá rẹ̀ dúró lẹ́yìnkùlé, ìyá ọkọ tirẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un, irú ọwọ́ rẹ̀ sì ní orúkọ dé ọjà Ẹ̀jìgbò. Bó bá ti ṣí ewé tó fi bo igbá, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti yí i ká.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò dáwọ́ dúró. Àwọn ṣalángá òkè kún dé ẹnu, omi wọn sì ń sun lọ sínú kànga lábẹ́ ilẹ̀. Ìwọ náà mọ bí ẹ̀yìnkùlé ṣe ń rí lẹ́yìn òjò láwọn abúlé wa, tí òórùn ìgbọ̀nsẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ti ọṣẹ ìwẹ̀ àti ti ewé tó ti jẹrà, tí oníkálukú á máa ṣe bí ẹni tí kò gbóòórùn nítorí pé kò sí ilé tí kò ti ń rùn. Lẹ́yìn náà ni onígbáméjì wọlé. Ó mú ọmọdé, ó mú àgbà. Ìyá tó bí mi wà lára àwọn tó mú lọ. Láàárọ̀ ló ní inú ń run òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì ti hun jọ bí ti ẹni tó ti ń fọṣọ láti òwúrọ̀. A gbé e sórí ọ̀kadà pé ká máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀jìgbò, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo gbá a mú. Mo mọ ibi tó kú sí lójú ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti wúwo lójijì ní èjìká mi. Mi ò sọ fún ọlọ́kadà. Mo jẹ́ kó máa sáré lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wálé láti Àbíjàn fún ìsìnkú. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́hùn-ún ni pé wọ́n ń gbẹ́ ojú títì, wọ́n ń ri àwọn páìpù ńláńlá tó ń kó ẹ̀gbin ilé àwọn ènìyàn gba abẹ́ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí a sin ìyá wa tán, kò jókòó ti àwọn tó wá kí wa. Ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó rìn láti ẹ̀bá ṣalángá dé ẹ̀bá kànga, ó tún padà. Mo tẹ̀ lé e torí mo rò pé ó fẹ́ sunkún níbi tí ẹnìkan kò ti ní rí i.

"Àbúrò mi," ó ní, "ìgbẹ́ ni ìyá wa mu."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bí a ò bá sọ ọ́, a ó tún mu ún."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dípò kó padà lẹ́yìn ìsìnkú, ó pe àwọn ọmọ abúlé tó wà ní Àbíjàn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rojọ́ ikú ìyá wa fún wọn, wọ́n sì gbà láti fi páìpù ránṣẹ́. Ó wá bẹ baálẹ̀ pé kó pe gbogbo ilé jọ. Abẹ́ àtíbàbà iwájú ilé baálẹ̀ la jókòó sí, tòkè tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé pé a ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi sí ilé kọ̀ọ̀kan, páìpù á jáde láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n á pàdé nínú kòtò gígùn kan, gbogbo ẹ̀gbin á sì máa ṣàn lọ sínú ihò ńlá kan tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ, tí a sì fi kọnkéré bò, níbi tó jìnnà sí kànga. Inú gbogbo ènìyàn dùn títí tí ẹnìkan fi béèrè ibi tí ihò náà máa wà.

Omi kì í gun òkè. Kò sẹ́ni tó nílò kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ìyẹn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní oko òun kéré. Òmíràn ní ilẹ̀ òun ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Ó di èjìká mi mú, ó fi dìde.

"Ẹ̀yìnkùlé mi gbà á," ó ní. "Níbi tí àwọn igi irúgbá mi wà."

Baálẹ̀ ní, "Ìyá, igi yẹn lẹ fi ń jẹun."

"Àna mi ni ẹni tó kú yẹn, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹ gé wọn. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ bò ó dáadáa, kí ẹ sì ṣe ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ tòkè."

Baálẹ̀ ṣí fìlà lórí, ó ní ojú gbogbo ènìyàn ni òun ti ń sọ ọ́: a kò ní lo ohun tí a kò bò, a kò sì ní ṣe tòkè ká pa ti ìsàlẹ̀ tì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ọkọ mi, ó ní bí òun kò bá ní ìyá mọ́, òun tún ti ní òmíràn. Mo rántí pé mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ayọ̀ ni.

Mi ò lè purọ́ fún ọ, àkókò tí a fi gbẹ́lẹ̀ yẹn wà lára ìgbà tó dùn jù láyé mi. Mo mọ̀ pé ó ń ṣeni ní kàyéfì pé kí ènìyàn máa rántí kòtò pẹ̀lú adùn. Àwọn ọkùnrin ń fi dígà la ilẹ̀, àwa obìnrin ń fi agbada kó amọ̀ kúrò, amọ̀ tútù náà pupa bí epo, ó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa títí tí bàtà ẹni á fi ga sókè. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn Mùsùlùmí á lọ kírun Jímọ̀, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn náà á máa gbẹ́ ilẹ̀ dè wá. Ìyá ọkọ mi ń se ẹ̀wà fún gbogbo ènìyàn. Bí páìpù kan bá ti wọnú ìkejì, tó sì dúró gún régé, ẹ̀gbọ́n mi á pariwo ní èdè Faransé tirẹ̀ pé, "Fuwalà!", bí ẹni ń sọ pé "Òun nìyẹn!", ó sì di ọ̀rọ̀ gbogbo wa. Obìnrin gbé ìkòkò kaná, á ní fuwalà. Ọmọ ìkókó gbé ẹsẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní fuwalà. Tòkè tìsàlẹ̀ la jọ ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò sí ẹ̀rín, ọjọ́ tí wọ́n gé àwọn igi irúgbá. Ìgbà tí èso wọn ń gbó ni. Bí igi àkọ́kọ́ ṣe ṣubú, àwọn èso fọ́, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè inú wọn fò sókè bí eruku, ó bà lé irun àti aṣọ wa, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ń ta sánsán bí oyin. Ìyá ọkọ mi wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ó ní kò séwu, òun á máa ra irúgbá lọ́wọ́ àwọn ará Ọlá. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìyẹ̀fun náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Sìmẹ́ǹtì ló bà á jẹ́. Páìpù ti dé láti Àbíjàn, a ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, ihò ńlá ti jìn lẹ́yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ó fi mọ ọ́n. Olóṣèlú kan tó ń wá ipò níhà òkè gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, ó sì kó sìmẹ́ǹtì wá, ọkọ̀ rẹ̀ kún fọ́fọ́. A jó, a yọ̀. Nígbà tí ijó parí, ó pe baálẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ń gbé omi fún wọn, mo sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Sìmẹ́ǹtì yìí, ojú ọ̀nà ni kó parí sí o. Ẹ̀yin lẹ ń dìbò fún mi. Àwọn tìsàlẹ̀ ní ẹni tiwọn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀gá, ihò yẹn gan-an ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Bí a ò bá mọ ọ́n, tí a ò bò ó, ìdọ̀tí òkè la kàn kó dà sí ìsàlẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká. "Ẹ jẹ́ ká ti ibì kan bẹ̀rẹ̀ ná."

Ó fi àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ sílẹ̀ tì wá, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ kí àpò kankan má baà sọdá. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá olóṣèlú tìsàlẹ̀. Ìyẹn ní òun kò lè bo kòtò tí ẹlòmíràn á fi ṣe orúkọ. Bó ṣe rí nìyẹn: wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òkè, wọ́n gbé àwo funfun sínú wọn, wọ́n lẹ táìlì, páìpù gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, ó sì ya ẹnu sílẹ̀ sínú ihò lásán lẹ́yìn ilé wa. Ní ìsàlẹ̀, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ láti ilé dé ilé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì lò ó. Wọ́n gbà. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ìdána ọmọbìnrin baálẹ̀ pé, àwọn àna sì ń bọ̀ láti Òṣogbo. Baálẹ̀ ní òun kò lè ní kí àna òun lọ sínú igbó nígbà tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi wà. Ó ní àlejò ni wọ́n, ọjọ́ kan ni. Wọ́n ṣí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò rẹ̀ ní kí ló burú nínú tòun náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ mìíràn, kò sí ilẹ̀kùn tó ṣì wà ní títì lókè.

Èmi àti ìyá ọkọ mi la kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ká tó rí i. Ìró rẹ̀ ni, bí ìgbà tí ẹnìkan ń da omi láti ibi gíga. Lẹ́yìn náà ni òórùn, tí mi ò ní ṣàpèjúwe fún ọ. Eṣinṣin dúdú bo ara ògiri. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, ihò náà kún, ó ń tú jáde díẹ̀díẹ̀ sí ìdí kànga wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá ọ̀nà lọ pọnmi lókè, nínú kànga tí iṣẹ́ náà ti sọ di mímọ́. Àwọn tí mo bá dàgbà á gba garawa lọ́wọ́ mi, wọ́n á bá mi pọn ọ́n, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, a gbọ́ pé ó ń rùn díẹ̀." Díẹ̀!

Ohun tó pa ọjà ìyá ọkọ mi kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹnìkan ló sọ ọ́ ní Ẹ̀jìgbò pé ẹ̀bá kòtò ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe irú yẹn. Ìyá náà kò se irú nílé mọ́ nígbà yẹn, ilé àbúrò rẹ̀ ní Ọlá ló ti ń sè é, ṣùgbọ́n ta ló máa dúró gbọ́? Mo bá a lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan. Ó ṣí ewé lórí igbá, òórùn irú dídùn náà jáde bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí èmi tó lọ́kọ kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè àlàáfíà, ó sì lọ ra irú lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀ lé wa. A gbé igbá náà padà sílé bó ṣe kún. Nígbà tí a délé ni ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, àbí kò kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Ó kúnlẹ̀, Màmá."

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Olóṣèlú náà wá ṣí iṣẹ́ náà bí ìdìbò ṣe ń súnmọ́lé. Wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, àwòrán ojú rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàgọ́, wọ́n to àga, akọrin ìjọ wà níbẹ̀, àwọn àáfà náà wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wẹ̀, ó wọ aṣọ léèsì funfun tó fi kí ọmọ rẹ̀ ó dìgbóṣe nígbà tó ń lọ sí Àbíjàn, ó fi ìborùn borí, ó sì sọdá ọ̀nà. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń darí ayẹyẹ náà rí i tó ń bọ̀ láàárín èrò, ó rò pé ìyá àgbà fẹ́ gbàdúrà, ó sì na ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sí i. "Ìyá wa àgbà, ẹ wá ṣàdúà fún wa."

Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ohùn rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ náà, ó tinrín, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

"Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà. Mo wá pè yín sílé mi ni. Ìsàlẹ̀ ibí yìí ni, kò jìnnà. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń ṣí."

Ọkùnrin náà gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kíá, ó pariwo, "Àmín o!" Gbogbo èrò sì dáhùn, "Àmín!" Àwọn kan tẹ́ ọwọ́, wọ́n fi pa ojú. Akọrin bú sórin. Mo wo ojú àwọn ènìyàn mi, àwọn àbúrò bàbá mi, àwọn ìyá tó wẹ̀ mí lọ́mọdé. Wọ́n ti gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà. Wọ́n ṣe àmín sí i kó lè kọjá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nínú oòrùn gangan, ẹ̀gbọ́n mi po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ tó kù pọ̀ mọ́ òkúta, ó sọ̀kalẹ̀ sí etí ihò, ó sì di ẹnu páìpù náà pa. Kò fi ara pamọ́. Ó ń kí àwọn tó ń kọjá. Kò pẹ́ tí àwọn àwo funfun òkè fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tó wà nínú wọn padà sórí táìlì. Ká tó mọ̀, wọ́n ti pè wá sí iwájú baálẹ̀. Àbúrò bàbá wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé o fẹ́ kí onígbáméjì tún wá pa àwọn ọmọ wa ni?"

"Ìyá mi ló pa," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí. Ẹ tì wọ́n pa fún ìgbà díẹ̀ péré, kí gbogbo wa wá sìmẹ́ǹtì, ká bo ihò yẹn. Bàbá, ẹ sọ ọ́ níbí yìí. Ojú wa lẹ ti ṣí fìlà."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ kan fìlà orí rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Òun ló san owó ilé ìwé mi fún sáà kan nígbà tí kò sí lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ní, "Ohun tí mo sọ nígbà yẹn, ìgbà yẹn ni mo sọ ọ́."

Mo dìde. Mo ní ọmọ ilé yìí ni mí, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Obìnrin kan, tí èmi àti rẹ̀ jọ sùn lórí ẹní kan náà lọ́mọdé, ní, "Jókòó, jàre. O ti di ará ìsàlẹ̀." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ fún ẹlòmíràn pé ilẹ̀ ti ṣú.

Àwọn ọ̀dọ́ òkè lọ fi dígà fọ́ sìmẹ́ǹtì náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú páìpù, wọ́n tì í, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ ibẹ̀. Ẹrẹ̀ tí mo ń pè é yìí, ìwọ náà mọ ohun tó jẹ́. Bó ṣe ń gbìyànjú láti dìde, ẹnìkan lórí etí ihò ní kó máa padà lọ sí Àbíjàn rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣí páìpù náà, wọ́n ní fuwalà. Ìyá ọkọ mi ló gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ wá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé bí ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà ọkùnrin tó ti ní ewú lórí. Mo yí ojú mi padà. Mo ń gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Àna mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ṣe ire. Ire lẹ ṣe," léraléra.

Mo sìn ín dé gáréèjì ní Ẹ̀jìgbò, níbi tí àwọn ọkọ̀ Àbíjàn ti ń kó èrò. Ó ní ìlú onílùú lòun ti ń ri páìpù fún àwọn tí kò mọ orúkọ òun láti ọjọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó tì òun ṣubú rí. Kò tíì padà wálé títí di òní. Bó bá pè mí lórí fóònù, kì í béèrè nípa abúlé. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, nípa rẹ̀ nìkan ló máa ń béèrè.

Ọmọbìnrin ìyá náà tó wà ní Máṣífà ló wá kó wa kúrò. Ìyá ọkọ mi kò jà, kò sunkún. Ó gbá yàrá rẹ̀, ó nu ojú fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn. Ní Máṣífà, ó máa ń jókòó sójú kan náà lójoojúmọ́, kò sì tún ṣe irú mọ́, bí a tilẹ̀ ra irúgbá fún un kó lè fi rí nǹkan ṣe. Àwọn dókítà kò rí àìsàn kan tọ́ka sí. Ìgbà tó kú, wọ́n sin ín síbẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, torí ó ti sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ gbé òun padà lọ. Baálẹ̀ rán ẹnìkan wá kí wa. Àwọn díẹ̀ wá láti òkè, wọ́n sunkún gidi, mo sì rí i pé wọn kò díbọ́n.

Èmi ń gbé ní Ẹ̀jìgbò báyìí. Mo máa ń fẹ́ sọ fún àwọn ènìyàn pé Ọlọ́run dá wọn lẹ́jọ́, pé iṣẹ́ náà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò bàjẹ́. Láti ìgbà yẹn, onígbáméjì kò tún wọ òkè mọ́. Àwọn ọmọ wọn sanra, kànga wọn mọ́ gaara. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe nítorí ìyá wa, ó ṣe é, ó sì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe ní yóò ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá ti kùnà ni, ǹ bá ti rí ohun tí màá fi tu ara mi nínú. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn fún ìkómọ, ìyàwó ilé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé mú mi lọ síbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń yangàn pé ìlú ńlá ni àwọn ń gbé. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni omi náà ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá náà! Ó kàn ń lọ ni."

Mo sọdá lọ wo ilé wa. Òrùlé rẹ̀ ti wó. Ihò náà kò hàn mọ́ dáadáa torí koríko ti bo etí rẹ̀, koríko ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibi gbogbo lọ. Mi ò pẹ́ níbẹ̀. Ìkórira tí mo rò pé màá bá lọ́kàn mi kò sí níbẹ̀, ohun tí mo bá burú jù ú lọ: mo rí i pé bó bá jẹ́ pé òkè ni mo lọ́kọ sí, bóyá èmi náà ì bá ti ṣe àmín lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹnìkan bá wá dìde nínú ẹgbẹ́ tàbí nínú ìjọ lónìí, tó ní ohun báyìí yóò ṣe gbogbo wa láǹfààní, mi ò kì í tètè pàtẹ́wọ́ mọ́. Mo máa ń yíjú wá ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù nínú ilé náà, kí n wò ó bóyá ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun gan-an ló ti ń na ọwọ́ pé òun gbà.